CNC kékeré fún ọpọ́n ayò àti pákó orúkọ: ṣé 3018 ni kí n rà, àbí kí n ní sùúrù fún ńlá?

Àkànní_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ìsọ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n gáréèjì ilé wa ní Ìbàdàn ni ẹ ó ti bá mi nídìí igi bó bá ti di ọjọ́ Sátidé. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ CNC kékeré, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ igi. Ohun méjì ni mo fẹ́ máa fi ṣe: ọpọ́n ayò, àti pákó orúkọ tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà tàbí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì.

Igi tí mo sábà máa ń rí rà ní ọjà pákó Bódìjà ni ìrókò, ọ̀gánwó, arère àti tíìkì. Owó ọwọ́ mi ká 3018 báyìí, yóò sì tún ṣẹ́kù. Bí mo bá fara dà á di ìparí ọdún, ó lè ká 4040. Àwọn kan ní kí n ra kékeré kí n fi kọ́ṣẹ́, àwọn kan ní màá kàn fowó ṣòfò ni. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹnjiníà_Táyé

Àkànní, o kú ìrònú. Wọn iṣẹ́ náà kí o tó wọn ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ara 3018 ti sọ bó ṣe tóbi tó: ó ń rìn 300 mm ní gígùn, 180 mm ní ìbú, àti nǹkan bí 45 mm sókè sódò. 4040 ń rìn 400 mm lọ́nà méjèèjì. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Báwo ni ihò kan ṣe fẹ̀ tó? Báwo ló ṣe jìn tó? Sọ ìyẹn fún wa ná.

Àkànní_Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n, mo ti wọn ọpọ́n tó wà nílé bàbá mi. Ihò fẹ̀ ní 55 mm, ó jìn ní 22 mm, àlàfo 8 mm ló wà láàárín ihò kan sí èkejì. Ó gba ọwọ́ àgbàlagbà dáadáa, èèyàn lè kó ọmọ ayò láìjẹ́ pé ìka há.

Ẹnjiníà_Táyé

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ihò mẹ́fà lórí ìlà kan jẹ́ 330 mm, àlàfo márùn-ún jẹ́ 40, àpapọ̀ 370. 4040 á dé ìpẹ̀kun rẹ̀, 3018 ò ní dé e. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọpọ́n alápadé lo fẹ́ ṣe, tó jẹ́ abala méjì tí hínjì so pọ̀, ihò mẹ́ta lọ, méjì bọ̀, ni yóò wà lára abala kan. Ìyẹn ò ju 181 mm lọ́nà 118 mm lọ. 3018 á gbà á. Nítorí náà kì í ṣe ìwọ̀n ló máa dí ọ lọ́wọ́.

Àkókò ló máa dí ọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí àwọn tó ń tà á kì í sọ ọ́. Igi tó yẹ kó kúrò nínú ihò kan tó rí bí àwo, tó fẹ̀ ní 55, tó jìn ní 22, jẹ́ nǹkan bí 31,700 mm³. Bíìtì, irin tó ń yí tó ń gé igi, tí wọ́n sábà máa ń fún èèyàn pẹ̀lú 3018 nípọn ní 3.175 mm. Nínú igi líle, jẹ́ kó wọlé 1 mm lẹ́ẹ̀kan, kó máa sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 1.2 mm, kó máa rìn 600 mm ní ìṣẹ́jú kan. 720 mm³ ló ń kó kúrò ní ìṣẹ́jú kan. Ihò kan á gba ìṣẹ́jú 44. Gbogbo ọpọ́n á súnmọ́ wákàtí 9, a ò sì tíì dé orí fífá a kó dán.

Ẹ̀rọ tí férémù rẹ̀ le, tó gba bíìtì 6 mm, tó lè wọlé 2.5 mm, tó ń sún 2.4 mm, tó ń rìn 1,200 mm ní ìṣẹ́jú kan, 7,200 mm³ ló máa kó. Ìlọ́po mẹ́wàá. Wákàtí kan ò ní pé tí ọpọ́n á ti jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí 600 yẹn ti wá: ẹ fi iye ìgbà tí bíìtì ń yí ní ìṣẹ́jú kan ṣe ìlọ́po iye ojú tó ní, kí ẹ tún fi ìwọ̀n tí ojú kọ̀ọ̀kan ń bù jẹ ṣe ìlọ́po rẹ̀. 10,000 × 2 × 0.03 = 600. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé bí ẹ̀rọ bá ti ń rìn pẹ̀lẹ́ ni iṣẹ́ ṣe máa dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá pẹ́ jù lójú kan, ńṣe ni bíìtì á máa ha igi dípò kó gé e. Igi á dúdú, ẹ ó gbọ́ òórùn èéfín, ojú bíìtì á sì kú kí iṣẹ́ tó dé ìdajì.

Délé_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Táyé. Ìṣírò yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹnìkan ṣe fún àwa tó kọ́kọ́ ra kékeré. Lọ́dọ̀ọ́ wa ní London, inú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń lo tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ férémù. Àwọn èèyàn máa ń bèèrè wọ́ọ̀tì ẹ̀rọ, wọn kì í bèèrè bó ṣe le tó. Bíìtì 6 mm le ju bíìtì 3.175 mm lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 13 bí gígùn wọn bá dọ́gba, nítorí pé bí bíìtì ṣe ń nípọn sí i ni agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ ń pọ̀ lọ́nà tó yára gan-an. Bó bá sì gùn yọ síta ní ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ihò tó jìn ní 22 mm ń béèrè pé kí bíìtì yọ síta ju 22 mm lọ. Bíìtì tín-ín-rín tó gùn, lórí férémù tó ń mì, nínú ìrókò: ẹ ó máa gbọ́ igbe rẹ̀ láti òpópónà.

Àkànní, bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, di ibi tí bíìtì ń wọ̀ mú kí o tì í síwá sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ kan. Bí ojú rẹ bá rí i pé ó mì, igi á rí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wo nǹkan tó ń yí lé lórí. Róbà kékeré tó ń yí lórí alumíníọ̀mù máa ń jẹ, ó sì máa ń tú. Ọ̀pá irin róbótó sàn jù ú lọ bí kò bá gùn jù. Réélì irin tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ló dára jù. Ẹ̀rọ méjì lè jẹ́ 4040 lórúkọ kí wọ́n má sì bára mu rárá nínú èyí.

Ráútà Makita RT0700, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń yí bíìtì, ni mo dè mọ́ tèmi. Ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ 65 mm, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ férémù fi ní ibi ìdìmú tó gbà á. Wọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ 710, ó sì ń yí láti 10,000 sí 30,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń pariwo, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́ màá rí òmíràn rà lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ràn tèmi: ní sùúrù di ìparí ọdún.

Agbẹ́gilére_Ọ̀yọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹnjiníà, ta ló ní ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò ọpọ́n ayò?

Iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo ní 3018 nínú ìsọ̀ mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ fi gbẹ́ ihò. Ẹ ra bíìtì Forstner ńlá, èyí tó ń lu ihò fífẹ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ẹ fi í sí ẹ̀rọ ìluhò tó dúró lórí tábìlì, ẹ sàmì ibi tí kó dúró kó má baà lu ìdí ọpọ́n. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ihò kan ń gbà. Lẹ́yìn náà ẹ mú ìṣọ̀ ẹlẹ́nu kọdọrọ kí ẹ fi yí etí ihò po títí tó fi rí bí ikùn igbá. Ọwọ́ ló mọ bí ihò ayò ṣe yẹ kó rí, nítorí ọwọ́ ló máa wọ inú rẹ̀.

Ibi tí 3018 ti ń ṣe bẹbẹ ni ara etí ọpọ́n: ọnà híhun, ìlà wẹ́wẹ́, orúkọ ẹni tó ni ín. Níbẹ̀ kò wọlé ju 1 tàbí 2 mm lọ, férémù rẹ̀ ò ní láti jà.

Nípa ti ìrókò: òkúta máa ń wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àsọdùn. Ó máa ń pa ẹfun líle mọ́ inú ara rẹ̀, pàápàá níbi tí igi náà ti fara gbọgbẹ́ rí, kò sì sí bí o ṣe lè rí i láti ìta. Ìṣọ̀ mi ń sọ fún mi bó bá ti kàn án, mo máa ń gbọ́ ìró rẹ̀, màá sì yà fún un. Ẹ̀rọ ò gbọ́ ìró kankan. Á wọ inú rẹ̀ gbọn-ọn-ran, bíìtì á kán. Nítorí náà, ọ̀gánwó ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹnjiníà_Táyé

Bàbá, mo gbà. Bí ihò bá kúrò lọ́rùn ẹ̀rọ, ìṣírò mi yí padà pátápátá. Ohun kan ṣoṣo tí màá fi kún un: jẹ́ kí 3018 fi orí bíìtì sàmì àárín ihò méjìlá náà kí o tó gbé pákó lọ sábẹ́ Forstner. Ìlà ihò á tọ́ gan-an.

ÌyáÌbejì_Ṣágámù

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Pákó orúkọ ni mò ń ṣe jù, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ sí apá yẹn nítorí ẹ ti fo ó kọjá.

Orúkọ Yorùbá ní àmì lókè, ó ní àmì nísàlẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ máa ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá á kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ dáadáa, nígbà tí pákó bá jáde, àmì ìsàlẹ̀ ṣ ti pòórá, tàbí àmì ohùn ti fò lọ sórí lẹ́tà kejì. Mi ò lè gbé irú ẹ̀ fún èèyàn kó lọ kàn án mọ́lẹ̀kùn.

Àkọ́kọ́, lẹ́tà. Kì í ṣe gbogbo fọ́ńtì ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ohùn lé orí ẹ tàbí ọ tó ti ní àmì nísàlẹ̀. Charis SIL, Gentium àti Noto Sans mọ̀ ọ́n. Mo máa ń kọ ọ́ sínú Inkscape, èyí tí a kì í sanwó fún. Màá sọ lẹ́tà di ìlà, kí kọ̀ǹpútà má baà pààrọ̀ fọ́ńtì mọ́ mi lọ́wọ́, màá sì tún so gbogbo ìlà tó bá gorí ara wọn pọ̀ kí bíìtì má baà gé ibì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìkejì, bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Èyí tó jẹ́ dígírì 90 máa ń la ojú tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì bó ṣe jìn tó. Bí àmì ìsàlẹ̀ ọ bá fẹ̀ ní 1 mm péré, 0.5 mm ni bíìtì máa wọlé. Ẹ wò ó: bí pákó bá fi 0.5 mm rẹlẹ̀ níbẹ̀, bíìtì ò ní kàn án rárá. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀ṣọ́ ṣe ń di Oso. Dígírì 60 ni mo fi ń ṣe lẹ́tà kékeré, nítorí ó máa ń wọlé jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún àmì kan náà: àmì 2 mm á jìn ní 1.7 mm, séńdípépà ò sì ní lè pa á rẹ́. Mi ò kì í jẹ́ kí àmì kéré sí 2 mm lórí pákó ẹnu ọ̀nà.

Ìkẹta, kí ojú pákó tẹ́jú sí ẹ̀rọ. Mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́ MDF, pákó àtẹ̀pọ̀, sórí tábìlì ẹ̀rọ, màá sì ní kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi bíìtì pẹrẹsẹ fá ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá tó gbé pákó tí mo ti fi ìfági fá lé e. Bí ẹ bá fo èyí, apá òsì orúkọ á jìn, apá ọ̀tún á fẹ́lẹ́.

Mo máa ń fi tépù bébà lẹ ẹ̀yìn pákó, màá lẹ òmíràn mọ́ MDF, màá wá fi súpà gúlù sáàárín méjèèjì. Kò sí kíláǹpù tí bíìtì máa kọlù. Bó bá parí, tépù á bọ́ kúrò láìsí àpá.

Àkànní_Bódìjà

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an ni mà. Mi ò rò ó dé orí àmì ìsàlẹ̀ rárá. Iná ńkọ́ o? Àdúgbò wa, wọ́n lè mú un lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Sọlá_Íńfátà

Àǹfààní ńlá kan tí 3018 ní lórílẹ̀-èdè wa nìyí, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́. Fóòtì 24 ni gbogbo rẹ̀ ń lò. Bó bá pọ̀ tán, kì í ju wọ́ọ̀tì igba àti díẹ̀ lọ. Ínfátà kékeré ilé á gbé e láìmira. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ní spindle (mọ́tọ̀ tó ń yí bíìtì) olómi ti 2.2 kW, tó ń lo VFD, ẹ̀rọ tó ń darí bí mọ́tọ̀ ṣe ń yára tó, láti yí dé 24,000 ní ìṣẹ́jú kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń tan gílóòbù ò lè gbé e. Ráútà bíi ti bọ̀ọ̀dá Peckham wà láàárín.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ ò mọ ibi tó wà mọ́. Mọ́tọ̀ tó ń gbé e rìn kàn ń ka ìṣísẹ̀ ni, kò ní ojú tó fi ń wo ara rẹ̀. Bí láptọ́ọ̀pù rẹ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì rẹ̀, á máa rò pé iṣẹ́ ń lọ. Nítorí náà, ra èyí tó ní súìsì ìdúró ní ìpẹ̀kun ìrìn rẹ̀. Nínú GRBL, tó jẹ́ ètò tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí, $22=1 ló ń tan wíwá ilé (ìyẹn igun tí àwọn súìsì náà wà), $H ló ń rán an lọ sílé. Ibi tí o fi sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ nínú G54, orúkọ tí GRBL fi ń pa ibẹ̀ mọ́, á ṣì wà nínú ìrántí rẹ̀ bí iná tilẹ̀ lọ. Bí iná bá dé, rán an lọ sílé, jẹ́ kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó ṣáájú èyí tó ń ṣe. Má tú bíìtì kúrò lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gíga rẹ̀ ti yí padà nìyẹn.

Wáyà USB kúkurú, tó nípọn, ni kí o lò. Mọ́tọ̀ spindle máa ń da wáyà gígùn láàmú, ẹ̀rọ á kàn dákẹ́ láàárín iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Bùnmi

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ igi, ìyẹn ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Arère tí Àkànní dárúkọ lókè yẹn, eruku rẹ̀ wà lára àwọn tí a mọ̀ pé ó máa ń fa ikọ́ fée, asima, fún àwọn tó ń gé e. Ti ìrókò máa ń yọ èèyàn lára, ó sì máa ń mú imú àti èémí. MDF ní gúlù nínú. Àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, sì ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ imú. Ẹ̀rọ yín ń lọ igi kúnná ju ayùn lọ, èyí tó kúnná jù ni kò hàn sójú, òun ló sì ń wọlé jinlẹ̀ jù.

Àkànní, o ní gáréèjì ilé. Ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí pálọ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dí i. Fi ọ̀pá fákúùmù sí ẹ̀gbẹ́ bíìtì, kó máa fà á bó ṣe ń gé e. Ìbòmú N95 tàbí FFP2 ni kí o lò, aṣọ ìbòmú lásán ò tó. Má fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Má sì jáde kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́: bíìtì tó kú ojú lè dáná sí igi, iná náà á sì bá ọ̀pá wọ inú fákúùmù.

Àkànní_Bódìjà

Ilẹ̀kùn kan ṣí sí kíṣìnì, Nọ́ọ̀sì. Màá dí i kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ ṣeun.

Mo ti pinnu. 3018 tó ní súìsì ìdúró ni mo ń rà. Owó tó bá ṣẹ́kù, màá fi ra Forstner, bíìtì dígírì 60, fákúùmù àti ìbòmú. Ọ̀gánwó ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ihò á wà lọ́wọ́ mi, ọnà àti orúkọ á wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Délé_Peckham

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ pín iṣẹ́ náà, kò burú. Ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà fún ẹni tó bá fẹ́ máa ta ọpọ́n lọ́pọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò férémù tó le.

Àkànní_Bódìjà

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ló kù: bó bá dé, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó gbé igi gidi sí i?

Ẹnjiníà_Táyé

Yọ bíìtì, fi báírò sẹ́nu rẹ̀, tẹ́ bébà. Ní kó ya ìlà 100 mm ní X (ọ̀nà gígùn), kó ya òmíràn ní Y (ọ̀nà ìbú), kí o sì fi rúlà irin wọ̀n wọ́n. Bí o bá rí 99.2 dípò 100, kọ́kọ́ wo síkúrúù tó so mọ́tọ̀ mọ́ ọ̀pá, torí ó lè tú nínú páálí. Bó bá le síbẹ̀ tí nọ́ńbà náà ò yí padà, lọ sí $100 nínú GRBL, ìyẹn iye ìṣísẹ̀ mọ́tọ̀ fún 1 mm ní X. Lára ọ̀pọ̀ 3018, 800 ló wà níbẹ̀. 800 × 100 ÷ 99.2 jẹ́ 806.45. Fi ìyẹn sí i, kí o sì tún ìlà náà yà. $101 ni ti Y.

Lẹ́yìn náà ya onígun mẹ́rin 150 mm, kí o wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, férémù rẹ wọ́. Tú bóòtì ẹsẹ̀ rẹ̀, tì í kó tọ́, kí o tó tún un dè.

ÌyáÌbejì_Ṣágámù

Kí o sì fi báírò yẹn kọ orúkọ kan tó ní ẹ, ọ àti ṣ nínú, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí àmì bá ṣìnà, bébà lo máa sọ nù. Fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ síbí, a ó bá ọ wò ó.